Níbo Ni Kọ́kọ́rọ́ Ìkànnì Ẹgbẹ́ Wa Yẹ Kí Ó Máa Gbé?

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí kì í ṣe ti ẹ̀yáwó, kì í sì í ṣe ti onídùúró. Ti ìkànnì ẹgbẹ́ wa lórí ayélujára ni, èyí tí ẹ fi ń wo iye owó tí ẹ ní lọ́wọ́ ẹgbẹ́ lórí fóònù yín. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Akọ̀wé, kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà?" Ó kàn wá. Ẹni tó bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan lọ́dún tó kọjá kò ní bi mí ní ìbéèrè yẹn.

Fún àwọn tí kò sí nílé nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ní nǹkan bí aago 5 ìdájí, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri Fìdítì. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni, orúkọ ẹgbẹ́ ló sì wà lórí rẹ̀. Ó ní kí olúkúlùkù wá san gbèsè ẹ̀yáwó rẹ̀ kíákíá. Àwọn tí kò yá kọ́bọ̀ rí gbà á, àwọn tó ti san tiwọn tán náà gbà á. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìyá àgbà kan tí ó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó lẹ́bàá títì ti dé ẹnu ọ̀nà mi, ó ń fi ìbọ̀rùn nu ojú. Ó ní, "Akọ̀wé, ta ló forúkọ mi yáwó? Bàbá àwọn ọmọ mi kú láì jẹ gbèsè, èmi náà ò sì jẹ." Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ṣí lẹ́jà, mo fi ojú ewé rẹ̀ hàn án, mo kà á sí i létí. Ó lọ, ṣùgbọ́n kò lọ tayọ̀tayọ̀. Ó ju oṣù mẹ́ta lọ kí ó tó tún dá owó sí ẹgbẹ́.

Ohun tó fa gbogbo èyí kò ju ìlà kan lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wa ṣe ìkànnì náà wà ní Ìbàdàn, ó ń dán ètò tí yóò máa rán onígbèsè létí wò lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Iye owó tó kọ síbẹ̀, iye àfidánwò ni. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù yín gan-an ni mo fún un pé kó fi dán an wò. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mi ò ní gbé e lé ẹlòmíràn lórí. Kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń rán àtẹ̀jíṣẹ́ sì wà nínú ètò náà fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn kọ nǹkan sára ògiri. Nítorí náà, ibi yòówù tí a bá gbé ètò yẹn lọ, ibi ìdánwò ni o, ibi iṣẹ́ gan-an ni o, kọ́kọ́rọ́ kan náà ni yóò máa lò. Ètò náà kò mọ̀ pé ìdánwò ni òun wà.

Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò rèé: àwọn nǹkan tó máa ń yàtọ̀ láti ibùdó kan sí ibùdó mìíràn, níbo ló yẹ kí á máa kọ wọ́n sí?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a mọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kì í sábà jókòó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú òfin láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé òfin àwòkọ́ṣe máa ń wà tí a ti tẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá kan gbogbo ẹgbẹ́ ti wà nínú rẹ̀: bí a ṣe ń wọ ẹgbẹ́, bí a ṣe ń jáde, bí a ṣe ń yan ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n àlàfo wà níbi orúkọ ẹgbẹ́, níbi ìlú, níbi iye ṣíà kan. Ẹgbẹ́ tó wà ní Ìlorà á kún tirẹ̀, tàwa náà ní Fìdítì níbí á kún tiwa. Ìwé kan náà ni, àlàfo nìkan ló yàtọ̀. Ẹ wá wò ó ná, ká ní òǹtẹ̀wé ti tẹ "Ìlorà" mọ́ gbogbo ojú ewé. A óò máa fi ìlà pa á, a óò máa kọ Fìdítì sókè rẹ̀. Dájúdájú, a óò gbàgbé ọ̀kan ní ojú ewé kẹsàn-án, ọjọ́ tí ẹjọ́ bá sì dé ni a óò tó rí i.

Bí ìkànnì ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ètò tí ọmọ náà kọ ni ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀. Ibùdó tí a ń gbé e sí jẹ́ mẹ́ta: kọ̀ǹpútà ọwọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, ibùdó ìdánwò tí ìgbìmọ̀ máa ń wò kí a tó fọwọ́ sí i, àti ibùdó iṣẹ́ gan-an tí ẹ̀yin ń wọ̀. Àwọn àlàfo tó yẹ kí ó yàtọ̀ kò pọ̀ púpọ̀. Èkíní ni ibi tí àká àkọsílẹ̀ wà àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, nítorí àká ìdánwò kò gbọdọ̀ jẹ́ àká tí owó yín wà. Òmíràn ni kọ́kọ́rọ́ àtẹ̀jíṣẹ́, òmíràn sì ni kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń gba owó. Àdírẹ́sì ìkànnì náà wà níbẹ̀. Ó ku bóyá kí ìkànnì máa ṣàlàyé gbogbo àṣìṣe rẹ̀ lójú ayé tàbí kí ó kàn sọ pé "ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà wá". Ẹ má fojú kékeré wo èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Oríṣi ètò kan wà, wọ́n ń pè é ní Laravel, òun náà ni tiwa. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn kìlọ̀ nínú ìwé ìlò rẹ̀ pé ẹni tó bá fi àlàyé àṣìṣe sílẹ̀ ní ṣíṣí níbi iṣẹ́ gan-an lè máa fi ohun àṣírí han àlejò.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Adam Wiggins, ọ̀kan nínú àwọn tó dá iléeṣẹ́ Heroku sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kọ ìlànà méjìlá sílẹ̀ ní 2011 fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ìkẹta nínú wọn ló kan ọ̀rọ̀ wa. Ó fún wa ní òṣùwọ̀n kan tí mo fẹ́ràn, nítorí ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà náà lè fi bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ oníṣẹ́. Òṣùwọ̀n náà ni pé, bí a bá gbé gbogbo ètò yìí síta fún aráyé ní ìṣẹ́jú yìí, ṣé àṣírí kankan yóò tú? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àlàfo ti di ohun tí a tẹ̀ mọ́ ìwé. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn tiwa ì bá jẹ́.

Ibi tí Wiggins ní kí á kó wọn sí ni àyíká kọ̀ǹpútà tí ètò náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Kí nìyẹn túmọ̀ sí? Ẹ wo ọmọ tí a fẹ́ rán lọ kiri ọsàn. Ọsàn Fìdítì kan náà ló wà nínú apẹ̀rẹ̀. Bó bá ń lọ sí Ọ̀yọ́, ìyá rẹ̀ á sọ iye kan fún un lẹ́nu ọ̀nà, bó bá ń lọ sí Ìbàdàn, á sọ iye mìíràn. Kò sẹ́ni tó ń kọ iye sára apẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ní àkọsílẹ̀ kékeré lọ́wọ́, orúkọ nǹkan lápá kan, iye rẹ̀ lápá kejì. Nígbà tó bá fẹ́ jí ètò dìde ni yóò kà á sí i létí: "Àká rẹ nìyí, kọ́kọ́rọ́ rẹ nìyí." Ètò á gbọ́, á sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ní àpótí àṣírí lórí ayélujára tí wọ́n ń sanwó fún. Ẹgbẹ́ bíi tiwa kò tíì nílò rẹ̀. Ohun tí a ń lò ni fáìlì kan ṣoṣo tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní .env, tí àmì ìdánudúró ṣíwájú orúkọ rẹ̀. Ó wà lórí kọ̀ǹpútà tí a háyà fún ìkànnì, kò sì sí níbòmíràn. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Fáìlì kejì ń bá ètò rìn, .env.example ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo orúkọ wà nínú èyí, àlàfo sì ṣófo. Ìwé òfin àwòkọ́ṣe wa nìyẹn. Oníṣẹ́ tuntun tó bá dé lọ́la á rí i pé ohun mẹ́sàn-án ló yẹ kí òun kún, kò sì ní rí ẹyọ àṣírí kan níbẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ló lè ba fáìlì yìí jẹ́. Èkíní, kí a gbé e sínú àpò tí ìkànnì ń fi han gbogbo ayé. Lọ́pọ̀ ibi tí a ti ń háyà àyè, public_html ni orúkọ àpò yẹn. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀, àlejò lè bèèrè fún un kí wọ́n sì gbé e fún un. Ẹ̀yìn àpò yẹn ló yẹ kí .env wà, kí ó sì jẹ́ pé ẹni tó ni ètò nìkan ló lè kà á. Èkejì, kí ó bá ètò lọ sí ilé ìpamọ́ tí oníṣẹ́ ń kó iṣẹ́ rẹ̀ sí, irú GitHub. Fáìlì kan wà fún èyí, .gitignore, tí a ń kọ orúkọ ohun tí kò gbọdọ̀ bá wọn lọ sí. Ẹ̀kẹta wọ́pọ̀ jù lọ, ọwọ́ wa sì ló wà: WhatsApp. Mo ti rí i tí wọ́n fi pásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí ojú ìwé ìgbìmọ̀, tí a sì fi àwòrán ọwọ́ méjì dá a lóhùn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa ará oko nìkan ni irú èyí ń ṣe. Ní 2016, àwọn olè wọ ilé ìpamọ́ ètò Uber lórí GitHub. Ibi títì pa ni o, kì í ṣe èyí tó ṣí sílẹ̀. Nínú ètò náà ni wọ́n ti bá kọ́kọ́rọ́ àká tí Uber háyà lọ́dọ̀ Amazon, wọ́n sì fi kó àkọsílẹ̀ èèyàn mílíọ̀nù 57. Uber san $100,000 fún wọn kí ọ̀rọ̀ náà lè rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ó jáde ní Oṣù Kọkànlá 2017. Nígbà tó di 2018, wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 148 dọ́là fún àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Ti Toyota ní Japan tún yàtọ̀. Agbaṣẹ́ṣe kan gbé apá kan ètò wọn síta lórí GitHub ní Oṣù Kejìlá 2017, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ títí di Oṣù Kẹsàn-án 2022. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún márùn-ún! Oníbàárà 296,019 ni àdírẹ́sì lẹ́tà ayélujára wọn lè ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé pípa ìlà náà rẹ́ kò tó. Ilé ìpamọ́ yẹn máa ń rántí gbogbo ohun tí a ti kọ rí, àní lẹ́yìn tí a bá ti pa á rẹ́. Kọ́kọ́rọ́ tó bá ti jáde ti di ti gbogbo ayé, kí a gba tuntun, kí a sì sọ àtijọ́ di aláìwúlò ló kù. Ohun tí a ṣe sí kọ́kọ́rọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ wa nìyẹn lọ́sẹ̀ tí wàhálà yẹn ṣẹlẹ̀.

Ó yá, ti owó wá ńkọ́? Paystack ni a ń lò fún àwọn tó ń dá owó wọn láti Èkó àti òkè òkun. Àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì, Shola Akinlade àti Ezra Olubi, ló dá a sílẹ̀ ní 2015, iléeṣẹ́ Stripe sì rà á ní 2020. Ohun tí wọ́n ṣe dáa. Wọ́n ń fún oníbàárà ní kọ́kọ́rọ́ ìdánwò àti kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́, orúkọ wọn sì yàtọ̀ lójú. Ti ìdánwò máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sk_test_, ti iṣẹ́ sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sk_live_. Ẹni tó bá ń wo fáìlì .env ibùdó ìdánwò tó sì rí "live" níbẹ̀, kí ó pariwo. Kọ́kọ́rọ́ kan tún wà tí orí rẹ̀ jẹ́ pk. Ìyẹn kì í ṣe àṣírí, ojú ìwé tí fóònù yín ń ṣí ló ń lò ó. Sk gan-an ni àṣírí. Ẹ rántí pé ohunkóhun tí ìkànnì bá fi ránṣẹ́ sí fóònù, ẹni tó ni fóònù lè kà á bí ó bá mọ ọ̀nà. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ bá sọ pé òun ti fi sk pamọ́ sínú ojú ìwé níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí i, irọ́ ni, tàbí àìmọ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun tí a jiyàn lé ní ìgbìmọ̀. Nígbà tí a ti mọ .env, ọ̀kan nínú wa ní kí á wá kó gbogbo ohun tó lè yí padà sínú rẹ̀, títí kan èlé orí ẹ̀yáwó. Mo takò ó, mo ṣì ń takò ó. Èlé kì í yí padà nítorí ibùdó. Iye kan náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ní ibi ìdánwò àti ní ibi iṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí la dán wò? Ìpàdé gbogboogbò ọdọọdún ló ń yí èlé padà, ó sì ní ọjọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó yáwó kí a tó yí i padà, iye àtijọ́ ni yóò san. Inú àká àkọsílẹ̀ ló yẹ kí èlé wà, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti ìpàdé tó fọwọ́ sí i, kí ọ̀dítọ̀ lè rí i. Fáìlì tí akọ̀wé lè ṣí ní òru kí ó yí nọ́ńbà kan padà láìsí ẹlẹ́rìí, kì í ṣe ibi tí èlé ń gbé. Èmi akọ̀wé ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí kò yẹ kó kúrò nínú ètò rárá. Paystack ń ka owó ní kọ́bọ̀. Bí ẹ bá dá ₦5,000, 500,000 ni ètò wa yóò sọ fún un. Bẹ́ẹ̀ ló rí níbi gbogbo, kò sídìí tí a fi máa sọ ọ́ di àlàfo. Àlàfo tó bá pọ̀ jù náà ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí gbogbo àlàfo ni ẹnì kan lè kún lódì.

Bí a bá wá gbàgbé láti kún ọ̀kan ńkọ́? Mo bi ọmọ náà, ó ní ohun tí òun kọ́kọ́ ṣe ni pé bí ètò kò bá rí kọ́kọ́rọ́ kankan, kí ó lo ti iṣẹ́ gan-an, kí ìkànnì má bàa dákẹ́. Mo ní, "Àbúrò, ìyẹn ni bí ẹni pé ọmọ tí a kò sọ iye ọjà fún bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo ọjà tọrẹ." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún un ṣe. Ní báyìí, bí àlàfo kan bá ṣófo, ètò yóò kọ̀ láti jí, yóò sì dárúkọ ohun tó ń wá. Ìkànnì tó dákẹ́ fún wákàtí kan sàn ju èyí tó ń rán àtẹ̀jíṣẹ́ gbèsè sí opó lọ.

Àǹfààní mìíràn tún wà tí mi ò retí. Tẹ́lẹ̀, bí ìgbìmọ̀ bá ti fọwọ́ sí iṣẹ́ tán ní ibùdó ìdánwò, ọmọ náà á tún ṣí ètò, á yí ìlà mélòó kan padà kí ó tó gbé e sí ibi iṣẹ́. Ìyẹn ni pé ohun tí a dán wò kọ́ ni a ń lò. Ní báyìí, ètò kan náà, láìfọwọ́kàn, ló ń kúrò ní ibùdó kan lọ sí èkejì. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, a mọ ibi tí a óò kọ́kọ́ wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí akápò bá gbé ipò sílẹ̀, ṣebí a máa ń lọ sí báǹkì láti yí orúkọ ẹni tó ń buwọ́ lùwé padà? Bákan náà ni ti ìkànnì. Orúkọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ wà lórí àyè tí a háyà, lórí àdírẹ́sì ìkànnì, àti lórí Paystack, kì í ṣe orúkọ oníṣẹ́. Ọjọ́ tí oníṣẹ́ bá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà kò sí, gbogbo kọ́kọ́rọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti kàn ni a óò yí padà. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 12 Oṣù Kẹfà 2023 kan àwa náà, nítorí orúkọ, nọ́ńbà àti gbèsè èèyàn la ń pa mọ́. Bí àṣírí bá tú lọ́nà tó lè pa èèyàn lára, wákàtí 72 péré ni a ní láti fi tó Àjọ tó ń bójú tó o létí. Ẹgbẹ́ tí kò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ó ti sọnù?

Àbá tí ìgbìmọ̀ ń gbé wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ni pé kí a tẹ .env ibi iṣẹ́ sórí ìwé kan, kí a fi sínú àpòòwé, kí a lẹ̀ ẹ́ pa, kí Ààrẹ, akápò àti èmi buwọ́ lù ú lẹ́yìn, kí ó sì wà nínú àpótí irin ẹgbẹ́. Èèyàn méjì nínú mẹ́ta ni yóò máa ṣí i, a óò sì kọ ọjọ́ náà sínú ìwé ìpàdé. Orúkọ àti nọ́ńbà àfidánwò nìkan ni yóò máa wà ní ibùdó ìdánwò láti ìsinsìnyí lọ, mo ti gba ti gbogbo yín kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ní àtakò tàbí ìbéèrè, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó mú un dání wá sí ìpàdé. Bí ọ̀rọ̀ náà bá kan pásíwọ́ọ̀dù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.